Ohun Tí Fóònù Kò Lè Rí ní Kamina

(Ìlù díẹ̀. Kí ó rọlẹ̀ kí olùsọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.)

 

Ọ̀rọ̀ rédíò kì í ṣe ohun tuntun ní agbègbè Atakpamé àti Akparé yìí, ní Togo. Kí rédíò tó wọ ilé ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn tàbí ní Porto-Novo ni àwọn ará Jámánì ti gbé ọ̀kan kalẹ̀ sí Kamina, lẹ́bàá Atakpamé níbí. Ọdún 1911 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Telefunken ló ni iṣẹ́, ẹni tó sì dúró tì í ni Baron Anton Codelli, ará Ljubljana. Kì í ṣe rédíò olórin àti oníròyìn bí èyí tí ẹ ń gbọ́ yìí. Àmì ni tiwọn ń fi ránṣẹ́, àmì gígùn àti àmì kúkurú, láti Kamina títí dé Nauen nítòsí Berlin, láìsí wáyà kankan láàárín, ọ̀nà tó lé ní 5,000 kìlómítà. Wọ́n ri òpó irin gàgàrà mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ilé fún ẹ̀rọ tí ń fún un ní iná, wọ́n sì na wáyà láti orí òpó kan sí èkejì.

Ọdún 1914 ni Kamina àti Nauen bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ara wọn. Kò pẹ́ ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé wọ Togo lóṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà wọ́n jà kíkankíkan létí odò Chra, ní ọ̀nà Notsé. Nígbà tó di òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn wó àwọn òpó náà, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ inú ilé, kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lọ lóru ọjọ́ kan.

Ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ bá mú lọ síbẹ̀ lónìí, kí ni yóò rí? Ìpìlẹ̀ òpó, ògiri tó ya, irin tó dípẹtà nínú koríko. Olùkọ́ á máa ṣàlàyé, ọmọ á máa lé aláǹgbá kiri. Mi ò bá ọmọ wí. Òkúta ni wọ́n fi hàn án.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọmọ náà wá gba fóònù olùkọ́, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ kọjú sí ìpìlẹ̀ kan. Lójú fóònù, òkúta náà ṣì wà, koríko wà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró lápá ọ̀tún wà. Ṣùgbọ́n òpó irin ti yọ lórí òkúta, ó ga lọ sókè, wáyà so ó mọ́ èyí tó wà lẹ́yìn. Bí ọmọ bá yí fóònù sápá òsì, òpó kò ní bá a yí, yóò dúró sí ààyè rẹ̀. Bó bá sún mọ́ ọn, òpó á tóbi sí i. Ohun tí ojú ń rí gan-an ni, tí ẹ̀rọ wá fi òmíràn lé lórí. Èyí ni mo máa pè ní ìran àfikún nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí. Mi ò sọ pé ẹnì kan ti ṣe é sí Kamina o. Mò ń sọ pé ohun èlò tí a lè fi ṣe é ti wà lápò ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi.

Kì í sì í ṣe idán. Kámẹ́rà ń wá ohun tó lè fi ṣe àmì nínú ohun tó ń rí, bí etí òkúta tàbí igun ògiri. Ẹ̀rọ kékeré kan nínú fóònù mọ ìgbà tí ọwọ́ ẹni tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Fóònù fi méjèèjì ṣírò ibi tó dúró sí, kíákíá, léraléra, ó sì ń tún àwòrán òpó yà ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Ní 1968, nígbà tí Ivan Sutherland ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ tí ènìyàn ń dé sórí, ẹ̀rọ náà wúwo débi pé láti òkè àjà ni wọ́n ti so ó rọ̀. Ní 2016, àwọn ọmọdé káàkiri ayé ń fi fóònù lé ẹran inú eré Pokémon GO lójú títì. Ohun kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kan ilé ìkàwé pẹ̀lú: kí ló wá so ó pọ̀ mọ́ ìran àfikún?

Ní 2011, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan tí wọ́n ń pè ní Miami (ní ìpínlẹ̀ Ohio ni o, kì í ṣe Miami etí òkun) ṣe áàpù kan tí wọ́n pè ní ShelvAR. Wọ́n lẹ àmì kékeré mọ́ ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé á gbé fóònù tàbí tábílẹ́ẹ̀tì kọjú sí pẹpẹ ìwé. Èyí tó wà ní ààyè rẹ̀ á gba àmì rere, èyí tó ṣìnà á gba àmì pupa, ẹ̀rọ á sì fi ibi tó yẹ kó wà hàn. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé ńlá rí yóò mọ ìdí tí inú wọn fi dùn. Ìwé tó ṣìnà lórí pẹpẹ dà bí ìwé tó sọnù, nítorí ojú ààyè rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń wá a.

Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé oníwèé mílíọ̀nù ló ni wàhálà yẹn. Ní ìlú kékeré, níbi tí ìwé kì í ti í ju ohun tó kún àpótí bíi mélòó kan lọ, ojú àti ọwọ́ tó. Bí ẹnikẹ́ni bá wá tà á fún wa, kí a kí i pé ó káre, kí a sì jẹ́ kó máa lọ. Kamina ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí.

Níbo ni fóònù ti máa rí bí òpó náà ti ga tó, àti bí wáyà rẹ̀ ti lọ? Nínú ìwé ni. Nínú àwòrán tí àwọn tó kọ́ ọ yà, nínú fọ́tò tí wọ́n yà, nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sílé. Ìwé àti fọ́tò irú èyí wà ní ìpamọ́ ní Yúróòpù. Ẹni tó bá fẹ́ gbé òpó Kamina dìde padà lójú fóònù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìwé ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ìran àfikún, nílé ìkàwé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá fi pamọ́, fóònù kò lè fi hàn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ta ló gbẹ́ ìpìlẹ̀ wọ̀nyẹn? Ta ló la igbó? Ta ló gbé irin láti ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti já a sílẹ̀? Baron Codelli kò gbé e. Orúkọ Baron wà nínú ìwé, a tún mọ ìlú tó ti wá. Àwọn tó fi èjìká gbé irin, bí a ó bá rí orúkọ wọn rárá, ẹnu ẹbí ni a ó ti rí i: ní Akparé, ní Gnagna, ní Djama, lẹ́nu ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà sọ fún un pé bàbá tòun wà níbẹ̀. Bí a bá wá ṣe ìran àfikún Kamina láì fi ti ẹnu yẹn kún un, òpó á dìde lójú fóònù, kò sì ní sí ènìyàn kankan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò parọ́. Èyí tó gbọ́ ló sọ.

Mo fẹ́ yà sí ibòmíràn díẹ̀, kí n tó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun kejì wà tí wọ́n máa ń dárúkọ pọ̀ mọ́ ìran àfikún, òun ni mo máa pè ní ọgbọ́n àfikún. Gbogbo wa ti ń gbọ́ nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá, ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè, tí ń kọ lẹ́tà. Ẹlòmíràn ń retí pé kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ẹlòmíràn ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọgbọ́n àfikún kò bá a lọ síbẹ̀. Ní 1962, ọkùnrin kan ní California, Douglas Engelbart, kọ ìwé gígùn kan láti sọ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni kí ó ran òye ọmọ ènìyàn lọ́wọ́, kí ènìyàn lè yanjú ohun tó ju agbára rẹ̀ nìkan lọ. Ẹ̀rọ á ka púpọ̀, ènìyàn ló máa pinnu.

Ní Togo, a ti rí irú rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wa kò tilẹ̀ mọ orúkọ tó ń jẹ́. Ẹ rántí Novissi, ètò owó ìrànwọ́ ìjọba. Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni, nígbà àrùn kòrónà, tí ọjà pa, tí ọlọ́kadà kò rí èrò gbé. Ẹ tẹ *855# lórí fóònù, ẹ fi nọ́ḿbà káàdì ìbò sí i, owó wọlé sórí fóònù: 12,250 fráǹkì lóṣù fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin. Ìyẹn ni apá àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ìjọba fẹ́ fi owó ràn àwọn tó tálákà jù ní ìgbèríko lọ́wọ́, kò sì sí àkọsílẹ̀ tó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwọn onímọ̀ láti yunifásítì ní Amẹ́ríkà bá a dá sí i, pẹ̀lú àjọ aláàánú GiveDirectly. Wọ́n wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè, òrùlé ilé, ọ̀nà, oko, wọ́n sì fi yan 100 kántọ́ọ̀nù tó tálákà jù. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lórí fóònù, wọ́n bi wọ́n léèrè bí nǹkan ṣe rí fún wọn. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ fi ìdáhùn wọn wé bí wọ́n ṣe ń lo fóònù, kó lè kọ́ bí a ṣe ń dá ẹni tí kò ní mọ̀. Ìwé ìròyìn ìjìnlẹ̀ Nature gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022.

Mo gbóríyìn fún iṣẹ́ yẹn. Owó dé ọwọ́ àwọn tí ọ̀nà mìíràn kì bá tí kàn. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi fóònù dá ènìyàn mọ̀ kò lè rí ẹni tí kò ní fóònù. Ìyá àgbà tó ń gbé lábúlé, tí kò ní síìmù, tálákà ni, ṣùgbọ́n kò sí níwájú ẹ̀rọ. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ àwọn tó gbé irin ní Kamina náà ló tún jáde yẹn.

Nílé ìkàwé, ọgbọ́n àfikún rọrùn ju èyí lọ. Ilé ìkàwé àpapọ̀ ti Finland ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Annif, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ìwé tuntun á wọlé. Ẹ̀rọ á kà á, á sọ pé: mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàdo, òjò àti ọjà ni ìwé yìí dá lé. Òṣìṣẹ́ á wò ó. Á ní àgbàdo bẹ́ẹ̀ ni, òjò bẹ́ẹ̀ ni, ọjà kọ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n fi ènìyàn sí hàn gbangba: òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Níbi tí wọ́n bá ti yọ ènìyàn náà kúrò, ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìwé ìròyìn Chicago Sun-Times gbé àkójọ ìwé 15 jáde fún kíkà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Márùn-ún péré nínú rẹ̀ ló wà láyé. Ẹ̀rọ ló hun mẹ́wàá yòókù jọ, ó fi orúkọ gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé lé wọn lórí, ó tún sọ ìtàn inú wọn. Isabel Allende wà lára àwọn tí ó kọ ìwé fún lọ́fẹ̀ẹ́! Olùtọ́jú ilé ìkàwé tó bá wá ìwé bẹ́ẹ̀ tí kò rí i ló mọ̀ pé kò sí. Ẹ̀rọ kò mọ̀.

Ó ku èdè. Èmi ń sọ Yorùbá tí ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti ará Ìbàdàn yóò gbọ́, ẹ sì ń fara dà á fún mi. Ṣùgbọ́n Ifɛ̀ ni èdè ilé ní Akparé, èdè àwọn tí ìtàn sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá. Nígbà àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ní Togo ní 1975, Ewé àti Kabiyè ni wọ́n mú wọ ilé-ìwé, kì í ṣe Ifɛ̀. Google Translate ti ń gbọ́ Yorùbá láti 2013, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Ewé ní 2022. Ọmọ Akparé tó bá fi Ifɛ̀ bá fóònù sọ̀rọ̀, fóònù tí wọ́n fi ohùn Èkó àti Ìbàdàn kọ́ yóò ṣì í gbọ́, ọmọ á bá padà sí Faransé. Ní gbogbo ìgbà tó bá padà sí Faransé, Ifɛ̀ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ kò pọ̀ sí i.

Kíkọ rẹ̀ pàápàá ní tirẹ̀. Ẹ ò lè rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí rédíò ni, ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn yà á. Ní Nàìjíríà, wọ́n ń fi àmì kékeré sábẹ́ e àti o. Ní Togo àti Benin, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni: ọ̀kan dà bíi 3 tó kọjú sódìkejì, èkejì dà bíi c tó kẹ̀yìn síni. Ojú ènìyàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ̀rọ ìwákiri tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ kà á sí méjì. Ìwé tó wà ní Cotonou kò ní jáde fún ẹni tó ń fi àkọtọ́ Ìbàdàn wá a. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú Yorùbá Nàìjíríà gan-an, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ àmì abẹ́ kó tó tẹ ti òkè, àti ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ti òkè, ohun kan náà ni ojú wọn rí, ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà ó lè jẹ́ nọ́ḿbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bínú nígbà tí wọ́n bá ní iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé ti tán. Ta ló máa sọ fún ẹ̀rọ pé ọ̀rọ̀ méjì yìí, ọ̀kan ni wọ́n? Ẹni tó gbọ́ èdè, tó sì mọ ìwé ni.

(Ìlù, díẹ̀ péré.)

Kí ni a lè ṣe, láì dúró de ẹnikẹ́ni? Ẹ má ṣe ronú awò ìran àfikún olówó ńlá. Èyí tí Apple gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2024, 3,499 dọ́là ni wọ́n tà á nígbà náà, ìyẹn sì ju mílíọ̀nù méjì fráǹkì CFA lọ lọ́dún yẹn. A kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àpótí kékeré kan wà, kọ̀ǹpútà tí kò tó ìwé ẹ̀kọ́ ní títóbi, tí ètò Kiwix lè fi odindi Wikipedia sínú rẹ̀. Iná oòrùn lè gbé e, fóònù tó bá wà nítòsí á sì so mọ́ ọn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, láìra dátà. Yàrá kan nílé-ìwé tó láti gbé e sí. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé Togo kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ, ẹ sọ fún un pé ní Lomé ní 2013, ní WoeLab tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀, Afate Gnikou fi ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti dà nù kọ́ ẹ̀rọ tí ń tẹ ohun gidi jáde, ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Irú ẹ̀rọ yẹn lè tẹ òpó Kamina kékeré fún ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran, tí ìran àfikún kò wúlò fún.

Nínú àpótí yẹn, lẹ́bàá Wikipedia, ni kí ohùn Akparé wà. Fóònù tí ẹ ń lò yìí tó láti gba ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ohùn kọ̀ọ̀kan kí ẹ sọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ilé rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ gbà á, àti ẹni tó sọ ìtàn náà fún òun. Ọmọ tó bá ti mọ̀wé kó kọ ọ́ jáde ní Ifɛ̀, bó ti gbọ́ ọ, kó má tún un ṣe. Kí ẹ̀dà rẹ̀ ju ọ̀kan lọ, kí wọ́n sì wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 àwọn ọ̀daràn ya wọ kọ̀ǹpútà British Library ní London. Kátálọ́ọ̀gì wọn kò padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì títí wọ inú ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìwé wà lórí pẹpẹ, wọn kò lè rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí wọn, kí tiwa má ṣe wà ní fóònù ẹnì kan ṣoṣo.

Ohun tó kù ni èyí tí mo fẹ́ kí àwọn àgbà gbé yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó tan fóònù. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ti etí gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ òrìṣà wà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ tí ẹbí kan ń sọ nípa ẹbí kejì wà. Ohun tó bá ti wọ inú ẹ̀rọ ńlá lókè òkun, kò sí ẹni tí ń yọ ọ́ padà. Nítorí náà, kí baálé àti àwọn ìyá àgbà sọ èyí tí gbogbo ayé lè gbọ́, èyí tí yóò wà nínú àpótí Akparé nìkan, àti èyí tí a ò ní gbà sílẹ̀ rárá. Bí bàbá bá ní kí ẹ pa fóònù ní àárín ìtàn, ẹ pa á, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ tán.